Jẹ-Méjì Onítáìlì àti Ife Ìlú Onílùú

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò ìwé owó orí wọn, ojú mi ti rí nǹkan. Mo ti rí ẹni tó kó ìwé ọdún kan gbáko wá sínú ìkòkò. Mo ti rí ẹni tó fi rìsíìtì nu ọwọ́ kó tó rántí pé òun máa nílò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi: tábìlì kan, àga díẹ̀, kọ̀ǹpútà kan tó máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó jí, àti fèrèsé tó dojú kọ ilé ìfọṣọ òdìkejì òpópónà. Tí àsìkò owó orí bá dé, gbogbo ẹni tó bá ń dúró de aṣọ rẹ̀ ló máa yà sọ́dọ̀ mi, wọn á ní nǹkan kékeré kan làwọn fẹ́ béèrè. Kò sí nǹkan kékeré nínú ọ̀rọ̀ owó orí. Màá bínú sí wọn dáadáa, màá sì tún bá wọn ṣe é.

Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó ń fún mi ní ẹ̀fọ́rí, kò sí èyí tó tó ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Onítáìlì ni. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù lọ́dọọdún nìkan ló kù tó ń rántí rẹ̀. Jẹ-Méjì ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí dráàfù. Tó bá jókòó ti pátákó dráàfù, kì í kánjú jẹ ọmọ ayò kan ṣoṣo bíi tàwọn yòókù. Á máa fọwọ́ pa àgbọ̀n, á máa bi ọ́ léèrè àlàáfíà ìyá rẹ, ọkàn rẹ á balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fò lórí tìrẹ, á jẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, á sì rọra tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó ń to táìlì. Ó dùn ún wò, tí kì í bá ṣe ìwọ ló ń jẹ.

Ilé wa ló ti rí ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá wa ló pè é kó wá lẹ táìlì sí balùwẹ̀, iṣẹ́ tí kò yẹ kó ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ó ṣe é títí tí ológbò wa fi ń bá a jẹun. Nígbà tó sú ìyá wa, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé balùwẹ̀ lò ń ṣe ni àbí ààfin?"

"Mà, àárín ilẹ̀ ni mò ń wá."

Ó wá ṣàlàyé fún ìyá wa, tòótọ́tòótọ́ ni ó sì sọ ọ́. Ó ní ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìlì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, iṣẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ dára lójú, ṣùgbọ́n tó bá fi máa dé òdìkejì, gbogbo rẹ̀ á ti wọ́. Okùn méjì tí wọ́n fi ẹfun pa lèèyàn máa ń nà, ọ̀kan láti ògiri yìí sí tọ̀hún, èkejì á dábùú rẹ̀. Ibi tí okùn méjèèjì bá ti pàdé, ibẹ̀ ni àárín, ibẹ̀ sì niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àlàyé yìí dára, àfi pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá a di etí okùn kejì mú, ojú àwọn méjèèjì kò sì sí lára okùn. Ìyá wa wò wọ́n, ó mi orí, ó lọ gbé omi kaná. Kí ọdún tó yípo, Jẹ-Méjì ti di àna wa.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí àwọn ọmọ bá ń pariwo lẹ́yìn, inú dígí ni yóò ti wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, gbogbo bọ́ọ̀sì á pa rọ́rọ́. Òun àti ọkọ rẹ̀ mọwọ́ ara wọn. "Ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń na okùn, kò sí "ẹ̀yin" láàárín wọn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fa ìjà: ilẹ̀ ilé ìdáná wọn. Onítáìlì tó ti tẹ́ ilẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìwòsàn, sìmẹ́ńtì lásán ló wà nílẹ̀ ìdáná ìyàwó rẹ̀. Páálí táìlì ti wà lẹ́yìn ilé tipẹ́tipẹ́, aláwọ̀ ojú ọ̀run, ẹ̀gbọ́n mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ yàn án. Lọ́dọọdún Jẹ-Méjì á ní tí òun bá ti dé láti ibi iṣẹ́ tó kàn, òun máa tẹ́ ẹ. Aláǹgbá ti ń bímọ sínú páálí yẹn.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó jókòó. Ibi tí ilé-iṣẹ́ bá rán an lọ ló ń lọ, ìpínlẹ̀ yìí lónìí, ìpínlẹ̀ tọ̀hún lọ́la. Ṣùgbọ́n ìwà kan wà tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀: bó ti wù kó jìnnà tó, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, yóò wọ ọkọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n mi á fi iná ẹ̀yìn ilé sílẹ̀ fún un, nítorí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé kí bàtà iṣẹ́ rẹ̀ má baà kó ẹfun bo pálọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìpínlẹ̀ méjì ló ti ṣiṣẹ́, kò sì ṣe ẹyọ kan nínú ìpínlẹ̀ tiwa. Ó kọ́kọ́ lọ sí ìpínlẹ̀ olókè, ó tẹ́ ilẹ̀ ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí ìpínlẹ̀ òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Balùwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì yẹn pọ̀ débi pé ibẹ̀ ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ìpínlẹ̀ mẹ́ta ló ní láti gbọ́ sí i. Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi nìyí: ìpínlẹ̀ tí ilé rẹ wà dà bí ìyá rẹ, gbogbo ohun tó o jẹ káàkiri ló máa bi ọ́. Ìpínlẹ̀ tó o kàn lọ ṣiṣẹ́ dà bí ilé ọ̀rẹ́, èyí tó o jẹ lọ́dọ̀ wọn nìkan ni wọ́n máa bi ọ́, ìyá rẹ á sì yọ ọ́ kúrò nínú tirẹ̀ kí wọ́n má baà gba owó orí ẹ̀ẹ̀mejì lórí oúnjẹ kan. Kò le. Ohun tó ń mú un le ni kí èèyàn kan máa ní ìyá méjì.

Mo ti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́, mo ti gbàgbé rẹ̀, nígbà tó wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tòun ti ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àwọn ọmọ ilé-ìwé sílé. Àpòòwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì ṣí.

"Àna mi, ẹ bá wa wo èyí," ló wí. Ó ju mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n "ẹ" ló máa ń pè mí torí pé àna ni mí; ó ní àna kì í ṣe ọmọdé. "Àwọn ará òdìkejì odò ló kọ̀wé sí mi. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ilé-iṣẹ́ owó orí kì í dúpẹ́, Bọ̀dá."

Mo ṣí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè kí n tó mọ ohun tí mò ń kà. Wọ́n ní àwọn ti yẹ ìwé rẹ̀ wò. Wọ́n ní kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ àwọn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́. Olùgbé ni, ọmọ ìlú ni, àwọn sì ní ẹ̀tọ́ sí owó orí lórí gbogbo ohun tó rí lọ́dún náà, títí kan ti ìpínlẹ̀ olókè. Wọ́n ní ẹ̀rí wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni káàdì olùgbé tó gbà ní gbọ̀ngán ìlú, tó fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ nìkan ni ilé òun. Ẹ̀rí kejì ni àwòrán tí wọ́n gé láti inú ìwé ìròyìn ìlú náà.

Jẹ-Méjì ló wà nínú àwòrán yẹn. Ó gbé ife fàdákà kan sókè, eyín rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sókè rẹ̀ pé ỌMỌ ÌLÚ WA GBA IFE DRÁÀFÙ. Wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tó sọ sí ìsàlẹ̀: "Ibí ni ilé mi, mi ò ní òmíràn."

Mo dẹ́kun kíkà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti na ọwọ́, ó ti gba àwòrán náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nídìí ife yẹn. Orí fíríìjì ẹ̀gbọ́n mi ló wà. Jẹ-Méjì ló gbé e wálé, ó ní ilé-iṣẹ́ àwọn ló fi dá òun lọ́lá nítorí pé òun ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi aṣọ nù ún lójoojúmọ́. Ó ti sọ ọ́ fún gbogbo awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó tilẹ̀ gbé e lọ han ọ̀gá ilé-ìwé, òun tí kì í sọ̀rọ̀! Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni òótọ́ ti wá bá tirẹ̀, níwájú kọ̀ǹpútà mi.

"Ọjọ́ wo lo gba ife yìí?" ẹ̀gbọ́n mi béèrè. Ohùn rẹ̀ kò le rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Jẹ-Méjì ń wo bàtà rẹ̀. "Ọjọ́ Sátidé kan ni."

"Sátidé tó o ní iṣẹ́ ò jẹ́ kó o wálé."

"Gbọ́ ná. Àwọn olùgbé nìkan ni wọ́n ń gbà láyè láti díje. Wọ́n ní tí n bá ti gba káàdì, ó ti parí. Mo rò pé káàdì lásán ni, bíi káàdì ibi tí wọ́n ti ń yá ìwé. Nígbà tí wọ́n gbé ife lé mi lọ́wọ́, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, oníròyìn ní kí n sọ̀rọ̀, ẹnu mi kàn ń lọ ni..."

Ẹ̀gbọ́n mi dá àwòrán náà padà sórí tábìlì mi, ó gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó jáde. Mo wo ọkọ rẹ̀. Mo fẹ́ bú u, ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń jẹ méjì ló wá jókòó síbẹ̀ yẹn, tí ìpínlẹ̀ méjì fẹ́ jẹ òun náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Mo retí ariwo. Ẹ̀gbọ́n mi kò pariwo. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ délé lọ́jọ́ náà, ẹnu ọ̀nà iwájú ló ti lọ pàdé rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí. "Ṣé ẹ rìn dáadáa? Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Jẹ-Méjì rò pé ẹ̀yìn òun ni àlejò kan wà, ó bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ aṣọ tábìlì tí wọ́n kì í tẹ́ àfi tí èèyàn ńlá bá wá. Ó gbé oúnjẹ sínú àwo olódòdó, ó fi ife omi lé orí abọ́ kékeré, ó sì jókòó síwájú rẹ̀, ó káwọ́ lé itan, ó ń béèrè bí ojú ọjọ́ ṣe rí níbi tó ti ń bọ̀. Nígbà tí Jẹ-Méjì fẹ́ gbé àwo lọ sí ìdáná, ó ní, "Háà, ẹ fi sílẹ̀, sà, àlejò kì í fọ àwo." Tó bá di àsìkò oorun, á ti tẹ́ aṣọ sórí àga gígùn nínú pálọ̀, á fi táwẹ̀lì tuntun lé e. Ife fàdákà yẹn náà ti kúrò lórí fíríìjì, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí àlejò ló wà.

Báyìí ló ṣe ń bá a lọ lójoojúmọ́. Jẹ-Méjì á bẹ̀ ẹ́, á ní, "Jọ̀ọ́, bú mi." Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Kí lẹ ṣe tí màá fi bú yín, sà? Ìgbà wo lẹ tiẹ̀ ń padà sílé?" Jẹ-Méjì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, irùngbọ̀n ti kún ojú rẹ̀. Ó ní "ẹ̀yin" yìí ju ìyà lọ, ó ní òun ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ máa ń ta èèyàn lára báyìí. Ẹ̀rín pa mí títí omi fi dà lójú mi. Àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Mo sọ ohun tó kù fún un láìfi bò. Mo ní tí kò bá fẹ́ kí ìpínlẹ̀ òdìkejì odò kà á sí ọmọ wọn, ó gbọ́dọ̀ dá káàdì padà, kó sì kọ ọ́ pé òun ò yẹ lẹ́ni tó ń gbà á. Tó bá sì ti kọ ìyẹn, ife kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, torí ará ìlú nìkan ni wọ́n ń fún. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé owó orí wọn yóò tẹ ìyàwó rẹ̀ láago, wọ́n á bi í léèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

"Ṣé ó máa sọ pé ọ̀dọ̀ òun ni?" ó bi mí.

Èmi náà ti bi ẹ̀gbọ́n mi. Ìdáhùn tó fún mi ni pé òun kì í parọ́ fún ìjọba nítorí àlejò. Mi ò lè sọ ìyẹn fún un. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ kọ́kọ́ gbé ife onífe padà ná."

Ó gbé e lọ. Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, ó yà sọ́dọ̀ mi tààrà láti ibùdókọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, torí pé ọjọ́ yẹn gan-an ni akọ̀wé ní òun máa pè, nọ́ńbà tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù mi ni mo sì fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò yíjú sí i. "Ẹ káàbọ̀, sà," ló wí fún ògiri.

Mo béèrè bí ó ṣe lọ. Jẹ-Méjì jókòó, ó ṣí fìlà. Ó ní òun ti dá káàdì padà ní gbọ̀ngán ìlú, òun sì gbé ife lọ bá Bàbá Onígbàjámọ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàbá yìí ni wọ́n ti máa ń ta dráàfù lẹ́yìn iṣẹ́, láàárín irun tó wà nílẹ̀. Òun ló máa ń gba ife yẹn tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì ṣe ipò kejì nígbà tí Jẹ-Méjì dé.

"Mo ní, 'Bàbá, ẹ máa bínú, mi ò kí ń ṣe ará ibí, ẹ̀yin lẹ ni ife yìí.' Ṣé ẹ mọ ohun tí bàbá yẹn sọ? Kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu! Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Ó ní ará ìlú kì í máa wo aago lọ́jọ́ Ẹtì." Inú ń bí i bó ṣe ń sọ ọ́. "Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀ pé èèyàn ò lè nà mí láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, ọmọdé á nà mí, torí ojú mi á ti wà lára ògiri níbi tí aago wà, mi ò ní rí pátákó mọ́. Ó ní ọjọ́ Ẹtì lòun fi ń gba ẹ̀san lára mi. Ẹ wo bàbá yẹn! Mo sì ń rò pé mo ń ṣàárẹ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí mo pàdánù lọ́wọ́ ẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ni!"

Ó ń ráhùn lọ. Kò mọ ohun tó ń sọ. Èmi ń wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti kúrò lọ́dọ̀ ògiri, ó ti kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó sì ń wò ó bó ṣe máa ń wo àwọn ọmọ nínú dígí bọ́ọ̀sì rẹ̀, kó lè mọ ẹni tó ń ṣe kí ni lẹ́yìn.

"Kí lo ń wo aago fún?" ó bi í.

*Lo*. Mo gbọ́ ọ. Jẹ-Méjì náà gbọ́ ọ, ó gbójú sókè.

"Ọkọ̀ tó ń bọ̀ níbí," ló wí. "Tó bá ti lọ, ó di ọjọ́ kejì."

Tẹlifóònù dún. Mo gbé e sí ibi tí gbogbo wa ti lè gbọ́. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ó ní ìwà, ó kí wa dáadáa. Ó sọ pé àwọn ti rí káàdì gbà, àwọn sì ti ka ìwé tí ọkùnrin náà kọ. Ṣùgbọ́n ó ní láìka gbogbo ìyẹn sí, ìpínlẹ̀ àwọn ló ti sùn jù lọ́dún náà, ó tó kí àwọn kà á sí olùgbé.

"Mà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Níbo ni ọkọ yín ń gbé?"

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí lódìkejì òpópónà. Jẹ-Méjì di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni tí afẹ́fẹ́ fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi gan-an, mo ti ń gbàdúrà.

"Mi ò mọ òfin yín," ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ. Bàtà kan tó ti gbó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, tirẹ̀ ni, kò jẹ́ kí n dà á nù. Apá ọ̀tún ibùsùn mi, mi ò kí ń sùn síbẹ̀, kódà tí kò bá sí nílé. Iná ẹ̀yìn ilé mi, mi ò kí ń pa á lọ́jọ́ Ẹtì títí tó fi máa dé. Ọ̀sẹ̀ kan wà tó parọ́ fún mi, kò wá. Iná yẹn tàn títí ilẹ̀ fi mọ́." Ó sún mọ́ tẹlifóònù náà. "Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwé, ẹ bá mi wò ó. Ṣé ẹni tí kì í gbé ibì kan lèèyàn máa ń tan iná dè?"

Nígbà tí ọmọbìnrin náà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Mà, ṣé kí n kọ ọ́ pé àlejò ni lọ́dọ̀ tiwa?"

"Àlejò ni lọ́dọ̀ yín. Onílé ni lọ́dọ̀ mi. Ó jẹ mí ní ilẹ̀ ìdáná kan o, àmọ́ onílé ni."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa kọ apá àkọ́kọ́, ó ní kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìdáná nínú fọ́ọ̀mù àwọn. Ó ní ó dàbọ̀. Jẹ-Méjì ti kọ ẹ̀yìn sí wa, ó dojú kọ fèrèsé, ó ń wo aṣọ àwọn ẹlòmíràn tó ń yí nínú ẹ̀rọ, ó sì ń fi fìlà nu ojú. Èmi ò lọ síbi fèrèsé kankan. Orí àga mi ni mo ti sunkún mi, lójú gbogbo ayé, oníbàárà kan sì wọlé bá mi níbẹ̀, ó ní nǹkan kékeré kan lòun fẹ́ béèrè. Mo lé e jáde.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Jẹ-Méjì kó àwọn aláǹgbá kúrò nínú páálí. Mo lọ síbẹ̀ kí n lè fojú ara mi rí i. Wọ́n ti kó ohun gbogbo kúrò nínú ìdáná. Ó na okùn láti ògiri kan sí èkejì, ó pa á lẹ́fun. Nígbà tó fẹ́ na ìkejì, kò wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n mi ti kúnlẹ̀ lódìkejì, ó ti na ọwọ́ sílẹ̀ de etí okùn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo ọ̀sán kí wọ́n tó gbà pé àwọn ti rí àárín. Ká ní ìyá wa ṣì wà láyé, ì bá tún mi orí.

Ilẹ̀ náà dára. Ẹ̀gbọ́n mi kì í jẹ́ kí n wọ bàtà débẹ̀. Bàbá Onígbàjámọ̀ ránṣẹ́ pé ife ti padà sórí pẹpẹ òun, ṣùgbọ́n kò dùn bíi ti tẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ òun. Ó ní kí Jẹ-Méjì máa bọ̀ wá ta ayò gẹ́gẹ́ bí àlejò, ọjọ́ yòówù tí kì í bá ti ṣe ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí àsìkò owó orí tún dé, àwọn méjèèjì wá jókòó síwájú mi. Ìpínlẹ̀ mìíràn ni Jẹ-Méjì tún ti ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó sì kó ìwé rẹ̀ wá sínú páálí táìlì tó ṣófo. Mo fẹ́ bínú, mo jí kọ̀ǹpútà, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè àkọ́kọ́ bó ṣe yẹ.

"Bọ̀dá, níbo lẹ gbé lọ́dún tó kọjá?"

Ó la ẹnu, ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

"Kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ mi," ló wí.

Mo kọ nọ́ńbà ilé wọn síbẹ̀.